Ohun àwọ̀ ewé tó ń yọ̀ nílẹ̀: ọ̀tá ẹ̀yìnkùlé, ọ̀rẹ́ àgbẹ̀

Bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, kì í pẹ́ tí ohun kan tó ní àwọ̀ ewé yóò fi bo ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ìdí àmù, ẹ̀bá balùwẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ògiri alámọ̀. Ó máa ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ewédú, ó sì ti gbé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ṣubú. Ìdí nìyí tí àwọn ará ilé fi máa ń fi ọkọ́ ha á kúrò. Ṣùgbọ́n irú ohun yìí náà wà lórí ilẹ̀ oko. Níbẹ̀, ọ̀rẹ́ àgbẹ̀ ni, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó sì ń ṣe kò kéré rárá, pàápàá lásìkò tí owó àpò fatiláísà kan ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ yìí.

Algae ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Ewéko tín-ín-tín ni, kò ní gbòǹgbò, kò ní òdòdó. Ojú lásán kò lè rí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àfi tí wọ́n bá kóra jọ. Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún àgbẹ̀ nínú wọn ni àwọn tí àwọ̀ wọn wà láàárín ewé àti aró. Àwọn onímọ̀ ti ka àwọn wọ̀nyí kún ìdílé bakitéríà báyìí, ṣùgbọ́n oòrùn ni wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ wọn, gẹ́gẹ́ bí ewé ìrókò ti ń ṣe. Nítorí oòrùn yìí náà ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń gbé lókè ilẹ̀ gan-an, níbi tí kò jìn ju èékánná ọwọ́ lọ.

Kí ni iṣẹ́ wọn? Àkọ́kọ́, wọ́n ń fún ilẹ̀ lóúnjẹ. Nínú ìdá ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tí à ń mí, bíi ìdá 78 ló jẹ́ náítírójìn, èyí tí ohun ọ̀gbìn nílò kí ewé rẹ̀ tó lè tutù yọ̀yọ̀. Ṣùgbọ́n àgbàdo tàbí ìrẹsì kò lè mú un látinú afẹ́fẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn aláwọ̀ aró yìí lè mú un. Bí wọ́n bá kú, tí wọ́n jẹrà, ohun tí wọ́n kó jọ yóò di ti ilẹ̀.

Ọmọ ilẹ̀ Íńdíà kan, P. K. De, ló fi èyí hàn kedere lọ́dún 1939, nígbà tó ń wádìí ìdí tí oko ìrẹsì inú omi fi ń so láti ọdún dé ọdún láìjẹ́ pé wọ́n da ajílẹ̀ púpọ̀ sí i. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé, níbi tó bá ti bá wọn lára mu, wọ́n lè mú bíi kílò 20 sí 30 náítírójìn wá fún hẹ́kítà kan ní ìgbà ọ̀gbìn kan. Ẹ jẹ́ ká fi wé ohun tí a mọ̀: nínú àpò yúríà oní-kílò 50, kílò 23 péré ni náítírójìn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni pé ẹnìkan da àpò yúríà kan sóko lóru láìgba kọ́bọ̀. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ohun ọ̀gbìn yóò rí lò lẹ́ẹ̀kan náà o, díẹ̀díẹ̀ ni.

Iṣẹ́ kejì ni pé wọ́n ń di ilẹ̀ mú. Omi yíyọ̀ ara wọn yẹn ló ń lẹ erùpẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò lóun ò ní í wólé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Àwọn ewéko tín-ín-tín yìí wà lára àwọn tí kì í gbà fún àgbàrá. Ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Niger, níbi tí wọ́n ti ń gbin jéró, ìwádìí fi hàn pé wọ́n máa ń ṣe èèpá tín-ínrín sórí ilẹ̀ tí wọ́n bá fi sílẹ̀ kó sinmi, èèpá náà kì í sì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbá iyanrìn lọ.

Wọn kì í tètè kú. Lọ́dún 1919, obìnrin onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Muriel Bristol, ròyìn pé àwọn kan jí padà nínú erùpẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n ti kó pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́dún 1941, C. B. Lipman ní Amẹ́ríkà ròyìn èyí tó ti gbẹ fún ọdún 87, tó sì tún yè nígbà tó rí omi. Nítorí náà, èèpá dúdú tí ẹ ń rí nílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe òkú. Òjò ló ń retí.

Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tó ń ṣe é níjàǹbá. Oògùn apakoríko bí atrazine àti diuron ń dí ewé lọ́wọ́ láti fi oòrùn ṣe oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń dí àwọn wọ̀nyí lọ́wọ́. Iná ìgbẹ́ ń jó wọn. Pátákò màlúù ń fọ́ èèpá wọn, ní àwọn ilẹ̀ aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó padà bọ̀ sípò. Bí a bá sì da náítírójìn púpọ̀ sójú omi oko ìrẹsì, wọn yóò dẹwọ́ nínú iṣẹ́ wọn.

Ní Íńdíà, wọ́n ń sin wọ́n nínú kòtò olómi tí kò jìn, wọ́n ń sá wọn gbẹ, àgbẹ̀ yóò sì wọ́n bíi kílò 10 sórí hẹ́kítà kan lẹ́yìn tó bá ti lọ́ ìrẹsì. Nígbà mìíràn ó máa ń mú, nígbà mìíràn kì í mú, torí pé àwọn ti ilẹ̀ náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí á kọ́kọ́ tọ́jú èyí tí a ní.

Ẹ̀yin olóko ìrẹsì àkùrọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí omi gbẹ lóko yín láìnídìí. Bí ẹ bá ní yúríà, ẹ rì í sínú ẹrẹ̀ dípò kí ẹ fọ́n ọn sójú omi. Ẹ̀yin tí ẹ fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó sinmi, ẹ má fi iná sun ún lọ́dọọdún. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ kò ní lo ajílẹ̀ mọ́ o. Wọ́n kàn ń ràn yín lọ́wọ́ ni. Omi tí wọ́n bá ti bo ojú rẹ̀ kò sì yẹ ní mímu fún ènìyàn tàbí ẹran, nítorí àwọn kan nínú wọn ní májèlé.

Ẹ ha á kúrò nídìí balùwẹ̀ kí Màmá àti Bàbá má bàa ṣubú. Èyí tó wà lóko, ẹ fi í sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì adìẹ.