Ẹ̀rọ Ìfọbọ́: Ohun Tí Ọwọ́ Onílé Ká ní Ìjàrè àti Àkúrẹ́

Josephine Cochrane, obìnrin ará Illinois ní Amẹ́ríkà, ló gbàwé àṣẹ ẹ̀rọ yìí lọ́jọ́ 28 oṣù Kejìlá 1886. Ó gbé e lọ síbi ìpàtẹ àgbáyé ní Chicago ní 1893. Ìyẹn ti tó. Lọ́dọ̀ wa, tòkunbọ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀, kì í sì í pẹ́ tí wọ́n fi máa ń ní ó ti bàjẹ́. Ìdọ̀tí, omi tàbí iná ló sábà máa ń dà á láàmú, kì í ṣe irin inú rẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì gba owó oníṣẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo àsẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Iyán tó gbẹ mọ́ abọ́ máa ń rọ̀ nínú omi gbígbóná, á wá lẹ̀ mọ́ ojú àsẹ́. Egungun ẹja á bá a níbẹ̀. Bí àsẹ́ bá ti dí, omi kò ní rọ́nà dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù, abọ́ á sì jáde tòun tepo. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ yọ àsẹ́ náà, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọlọ́ṣẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù fọ̀ ọ́. Ẹ gbé apá tó ń yí tó ń tú omi sókè sójú oòrùn: ihò tí ìmọ́lẹ̀ kò bá gbà kọjá, ẹyọ ọwọ̀ kan tó láti ṣí i, kí ẹ ṣáà rí i pé kò kán sínú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń kùn tí kò fa omi, ìwé tó bá a wá ni kí ẹ wò. Òmíràn ń béèrè 0.3 bar ó kéré tán, òmíràn 0.5, mítà 10 ní gíga ló sì ń mú bar kan wá. Táǹkì tó fi mítà 3 ga ju ẹ̀rọ lọ kò lè ju 0.3 lọ; bí ẹ̀rọ yín bá ń béèrè 0.5, táǹkì ló kúrú nìyẹn. Ẹ tún ti omi pa, ẹ tú rọ́bà tó ń gbé omi wọlé. Àsẹ́ kékeré kan wà lẹ́nu rẹ̀ tí iyanrìn máa ń dí, pàápàá láti oṣù Kìíní sí Kẹta tí omi kànga máa ń fà.

Iyọ̀ ọbẹ̀ kò wọ ẹ̀rọ yìí. Ọṣẹ dúdú náà kò wọ̀ ọ́, nítorí ìfófòó rẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé iná ń pani, kí onílé jìnnà sí i. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí a kà sókè yìí tó kan wáyà, bí ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò lẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ewu tó pọ̀ jù ni kí a fi í sílẹ̀ lẹ́nu iná tó ń lọ tó ń bọ̀, tàbí kí a so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré oníwáàtì 650, nígbà tí ohun tó ń gbé omi rẹ̀ gbóná nìkan lè gba nǹkan bíi wáàtì 2,000. Láti oṣù Kẹrin dé Kẹwàá, ẹ yọ ọ́ kí òjò tó dé, nítorí àrá. Ní oṣù Kẹsàn-án 2019, àrá pa màlúù 36 lórí òkè kan ní Ìjàrè níbí. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ Ṣàngó ni, kò ṣẹ̀, kí òun náà ṣáà yọ tirẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní kí ni a fẹ́ fi í ṣe nígbà tí kànìnkànìn wà. A gbà pẹ̀lú wọn dé àyè kan: nǹkan bíi lítà 10 sí 15 ló ń lò, ìbáà kún, ìbáà jẹ́ abọ́ méjì. Nítorí náà, abọ́ méjì, ọwọ́ ni. Ẹ̀yìn ìkómọ tí abọ́ kún ìdáná, ẹ̀rọ ni. Bí ó bá ń rùn bí ohun tó ń jóná, tàbí tí omi ń jò láti abẹ́ rẹ̀, ẹ pa iná láti ibi míta, ẹ pe oníṣẹ́. Kí ẹ má sì tú ẹ̀yìn rẹ̀, torí kapásítọ̀ inú rẹ̀ ṣì lè gbé iná lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́.