Ológbò Mẹ́ta Nídìí Ààrò Kan

Kò sí àgbẹ̀ tí ó kó àgbàdo sí àká tí kò mọ iyì ológbò. Bí abo kan bá bímọ, tàbí bí èkúté bá pọ̀ ju agbára ẹyọ kan lọ, ilé a di ilé ológbò méjì tàbí mẹ́ta. Nígbà náà, bí ìyá ilé bá jókòó lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ọ̀kan a gun orí itan rẹ̀. Ìkejì a dé, a sì fi orí taari rẹ̀ kúrò. Ìkẹta a dúró lẹ́nu ọ̀nà, a máa wò wọ́n. Àwọn ará ilé a rẹ́rìn-ín, wọn a ní, "Orogún ni wọ́n."

À bá bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí èyí tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, kì í sùn nílé mọ́. A lọ di ará ilé aládùúgbò, ó sì lè jẹ́ pé òun gan-an ni ọdẹ tí a gbójú lé. Àwọn àgbà ní bí ológìnní kò bá sí nílé, ilé a di ilé èkúté. Èkúté kì í sì í ba àgbàdo jẹ́ nìkan: irú rẹ̀ kan ni ó ń gbé ibà Lassa kiri, èyí tí a kọ́kọ́ mọ̀ ní 1969 nígbà tí nọ́ọ̀sì míṣọ́n kan ṣàìsàn ní ìlú Lassa, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Dídé oúnjẹ dáadáa ni ààbò àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara wa lé ọdẹ wa lọ.

Kí ni ó ń fa ìjà náà? Ológbò inú igbó, tí í ṣe baba ńlá ti ilé, a máa dá gbé, a sì máa dá dẹ. Èkúté inú àká ni ó fà á súnmọ́ ènìyàn, ó sì ti pẹ́: ní erékùṣù Kípírù, níbi tí Pọ́ọ̀lù àti Bánábà ti wàásù, àwọn awalẹ̀ rí egungun ológbò tí a sin sí ẹ̀gbẹ́ ènìyàn ní nǹkan bí 9,500 ọdún sẹ́yìn. Bí ó bá ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nu ẹsẹ̀ yín, òórùn ara rẹ̀ ni ó ń fi sí yín lára. Bí èkejì bá dé tí ó nu ibẹ̀ kan náà, tirẹ̀ ni ó ń fi lé e. (Ẹni tí ó wọ ṣòkòtò dúdú lọ sí ilé ìsìn lẹ́yìn èyí mọ iye irun tí ó gbé lọ.)

Àwọn kan ní oúnjẹ nìkan ni ológbò fẹ́ràn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2019, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde. Wọ́n fi ọmọ ológbò àti olówó rẹ̀ sínú yàrá àjèjì. Olówó a jáde fún ìṣẹ́jú 2, a sì padà. Nǹkan bí 64 nínú 100 ni ara wọn rọlẹ̀ nígbà tí wọ́n rí i, tí wọ́n sì tún ń rìn kiri láìbẹ̀rù. Nítorí náà, ohun tí wọ́n ń jà lé lórí kì í ṣe ohun kékeré lójú wọn.

Àwo oúnjẹ kan ṣoṣo a máa dá ìjà sílẹ̀. Ẹ fún olúkúlùkù ní tirẹ̀, kí ẹ sì gbé wọn jìnnà síra, kí ọ̀kan má máa wo ẹnu èkejì. Ẹ jẹ́ kí ibi sísùn pọ̀ ju iye wọn lọ, kí òmíràn sì wà lókè, nítorí ẹni tí a lé a máa fẹ́ gun òkè. Àlejò tuntun kò gbọdọ̀ bọ́ sí àárín wọn lọ́jọ́ tí ó dé. Ẹ tì í mọ́ yàrá fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹ gbé aṣọ tí ó sùn lé fún àwọn onílé, ẹ sì gbé tiwọn fún un, kí imú wọn ti mọ ara wọn kí ojú tó pàdé.

Ẹni tí ó ka ìtàn Jákọ́bù àti ẹ̀wù Jósẹ́fù mọ ohun tí ojúsàájú ń bí nínú ilé. (Orúkọ ológbò kò sí nínú ìwé 66 inú Bíbélì, ṣùgbọ́n irú ìwà yìí wà níbẹ̀.) Ẹ má gbé àgbà kúrò lórí itan nítorí ọmọdé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ wá àkókò fún èyí tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí àwọn yòókù kò sí nítòsí. Ẹ má fà á, ẹ jẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ẹ má sì na èyí tí ó jà. Kò mọ̀ pé ìjà ni a nà án fún. Ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ nígbà tí ó jẹ ìyà ni yóò kórìíra sí i.

Bí wọ́n bá ń jà, ẹ má fi ọwọ́ là wọ́n. Ẹ ju aṣọ sáàárín wọn. Ẹni tí ológbò bá bù jẹ, kí ó fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, nítorí àrùn dìgbòlugi kì í ṣe ti ajá nìkan. Abẹ́rẹ́ tí ó ń dènà rẹ̀ wà fún ológbò lọ́wọ́ oníṣègùn ẹranko. Òun náà ni yóò tẹ akọ lọ́dàá, èyí tí í dín ìjà àti títọ̀ sára ògiri kù púpọ̀. Kí aboyún má kó ìgbẹ́ wọn. Kí a má sì lo májèlé èkúté nínú ilé tí wọ́n wà, nítorí ológbò tí ó jẹ èkúté olóró lè bá a kú.

Ẹni tí abo rẹ̀ bá bímọ, kí ó má fi ọmọ fún ẹnikẹ́ni kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 8. Bí ẹni tí ń tọrọ bá sì fẹ́ méjì, ẹ fún un ní ọmọ ìyá kan náà. Àwọn tí ó ti jọ ń sùn lórí ara wọn láti ìgbà tí ojú wọn kò tíì là kì í sábà bá ara wọn jà nítorí itan.