Ìgbà wo ni ẹ̀rọ "bàjẹ́"? Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì àti àtẹ ìṣàkóso

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ fi hàn pé àtẹ ìṣàkóso, tí àwọn onímọ̀ ìṣirò fi ń ṣọ́ iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń bàjẹ́, dúró lórí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Àpẹẹrẹ mi ni Anié, ní àríwá Atakpamé ní Tógò, ìlú tí a mọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ ṣúgà. Bí ẹ̀rọ tí ń fún ìrèké bá dúró, ìrèké tí a ti gé kò ní dúró dè é. Adùn rẹ̀ yóò máa dín kù.

Walter Shewhart ló gbé àtẹ yìí kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1924. Ohun tí ó ń wá ni ọ̀nà láti ya àyípadà ojoojúmọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó ní ìdí pàtàkì. Ká ní ẹ̀rọ kan ń bàjẹ́ ní ìpíndọ́gba ìgbà 4 lọ́sẹ̀. Iye tí a bá fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ tí yóò fún wa ní 4 ni 2. Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 6. A fi 6 kún 4: ìlà òkè wà ní 10. Bí a bá yọ 6 kúrò nínú 4, a ó bọ́ sábẹ́ òdo, nítorí náà kò sí ìlà ìsàlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí ó ní 7 kò tíì fi ohun àjèjì kankan hàn. Ọ̀gá tí ó bá bá òṣìṣẹ́ wí nítorí rẹ̀ ń fìyà jẹ aláìṣẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí ó ní 12 ni kí a wádìí.

Ṣùgbọ́n kí gan-an ni a kà? Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí:

(1) Ẹ̀rọ náà dúró, ṣùgbọ́n kò bàjẹ́.
(2) Ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì dúró.

Kò sí ìtakora nínú èyíkéyìí. Ní (1), ìrèké lè há sí i. A yọ ọ́, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Ní (2), irin kan ti sán, síbẹ̀ ẹ̀rọ ń yí. Èdè Faransé, tí í ṣe èdè ìjọba ní Tógò, kò pín in báyìí: ohun tí ó bá wà "en panne" kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni tí ó bá ń fi "panne" túmọ̀ "bàjẹ́" yóò fo gbogbo irú (2) dá.

Bí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán bá ń ka "dúró", tí àwọn ti òru ń ka "bàjẹ́" nìkan, àtẹ lè kọjá ìlà òkè láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà lára ẹ̀rọ. Mo dábàá pé kí wọ́n fẹnu kò sí ohun kan kí wọ́n tó fa ìlà: kí a ka gbogbo ìgbà tí a ní láti tún ẹ̀yà ẹ̀rọ ṣe tàbí kí a pààrọ̀ rẹ̀, ìbáà dúró, ìbáà má dúró.