Nọ́ńbà Ojú Mítà: Bí A Ṣe Ń Wọn Ọ̀rinrin Àgbàdo

Lójú ọ̀pọ̀ wa, nọ́ńbà tí ó bá ti yọ lójú mítà ọ̀rinrin, abẹ gé e. Bẹ́ẹ̀ sì ni nọ́ńbà yìí lè ṣì wá lọ́nà.

Àgbàdo tí a fẹ́ kó pamọ́ kò gbọdọ̀ ní omi ju ìdá 13 nínú 100 lọ. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, yóò bu, bíbu yìí ló sì ń mú oró aflatoxin tí ń ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn jẹ́ wá.

Báwo ni mítà ṣe ń mọ̀ ọ́n? Irin méjì tí kò kan ara wọn wà nínú rẹ̀. Àárín wọn ni àgbàdo ń wà. Bátìrì ń rán iná díẹ̀ síbẹ̀. Omi a máa gba iná sára ju àgbàdo gbígbẹ lọ fíìfíì, nítorí náà, bí àgbàdo bá ṣe rin sí ni iná náà ń yí padà. Ṣùgbọ́n iná kì í ṣe nọ́ńbà. Ẹ̀yà kékeré kan ló ń kà á, bí ìgbà tí a ri ọ̀pá tí a fàmì sí bọ inú kànga láti mọ ibi tí omi dé. Èyí tí ó wọ́pọ̀ ní àmì 1,024. Lẹ́yìn náà ni mítà yóò fi ohun tí ó kà wé ìwọ̀n irè tí a yàn.

Nítorí náà:

1. Ẹ yan àgbàdo lórí mítà, kì í ṣe ẹ̀wà tàbí ìrẹsì.

2. Ẹ má ṣe wọn àgbàdo tí ó ṣì gbóná. Ooru ń yí nọ́ńbà padà. Ara rẹ̀ sì lè ti gbẹ kí inú rẹ̀ ṣì rin.

3. Ẹ bù ú lókè, láàárín àti nísàlẹ̀ àpò. Ẹ ro nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kí ẹ pín in sí mẹ́ta.

4. Ẹ nu eruku inú mítà, kí ẹ sì pààrọ̀ bátìrì tí ó ti rẹ̀.

Owó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àpò 100 kílò tí omi rẹ̀ jẹ́ ìdá 18, bí ó bá gbẹ dé ìdá 13, kílò 94 ni yóò kù. Bí mítà oníbàárà bá pe àgbàdo yín tó gbẹ ní tútù, kílò bíi mẹ́fà lórí àpò kọ̀ọ̀kan ni wọn yóò yọ lówó yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú yín, kí ẹgbẹ́ sì ní mítà tirẹ̀ láti fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Àgbẹ̀ ò ní ṣòfò o.