Dùùrù Tó Ń Gbé Ohùn Mì

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹjọ́ kan dé iwájú ìgbìmọ̀ orin ìjọ kan ní Agége, èmi náà sì wà níjòókòó nígbà tí wọ́n ń gbọ́ ọ. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tẹ dùùrù ni pé kì í múra sílẹ̀ kí ó tó wá sí ìsìn. Wọ́n ní bó bá ń tẹ orin ìyìn, ohùn álítò á pòórá ní ìlà kìíní, ohùn tẹ́nọ̀ á pòórá ní ìlà kejì, nígbà mìíràn báàsì pàápàá kò ní sí. Ọ̀gá akọrin, àgbà tí mo bọ̀wọ̀ fún púpọ̀, sọ pé ọmọ náà kò kọ́ orin dáadáa. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ dákun, gbogbo rẹ̀ ni mo tẹ̀. Dùùrù ni ó ń gbé ohùn mì." Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Òtítọ́ ni ọmọ náà sọ. Dùùrù tí ó ń tẹ̀ ni Roland Juno-106, tí ilé iṣẹ́ Roland ti ilẹ̀ Japan gbé jáde ní 1984. Ọmọ ìjọ kan ni ó rà á ní àlòkù ní Amẹ́ríkà, tí ó sì fi ta ìjọ lọ́rẹ. Ẹ̀rọ yìí kò lè mú ju ohùn 6 jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀yà kékeré tirẹ̀ nínú, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 80017A. Bí a bá ṣe ń tẹ kọ́kọ́rọ́ ni ẹ̀rọ ń pín in fún wọn ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, láti orí èkíní títí dé ẹ̀kẹfà, kí ó tó padà sí èkíní. Bí ẹ̀yà kan bá kú, ìró tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ kò ní dún, bó ti wù kí ọwọ́ atẹdùùrù yá tó. Nítorí pé orin ìyìn ní ohùn 4, tí ẹ̀rọ sì ní 6, ibi tí àlàfo náà ń bọ́ sí kò dúró lójú kan. Ìdí nìyí tí ó fi dà bí ẹni pé ọmọ náà ń fo ohùn bó ti wù ú.

Kí a tó sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí, ó yẹ kí a mọ irú ohun èlò tí èyí jẹ́, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe ìjọ kan ṣoṣo ni irú rẹ̀ wà nínú yàrá ìkẹ́rùsí rẹ̀, lábẹ́ aṣọ ìkélé àtijọ́.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é ní synthesizer. A ó máa pè é ní dùùrù aṣẹ̀dá-ohùn níhìn-ín, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Dùùrù onípáìpù a máa fẹ́ atẹ́gùn. Dùùrù Hammond, tó kọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1935, a máa yí àwo irin kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ òòfà. Dùùrù aṣẹ̀dá-ohùn kò ní ohun tó ń fẹ́, kò sì ní ohun tó ń yí. Iná mànàmáná fúnra rẹ̀ ni a mú kí ó máa gbọ̀n. Bí ó bá gbọ̀n nígbà 440 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìró tí àwọn olórin fi ń tún ohùn ohun èlò wọn ṣe ni a ó gbọ́.

Ohùn tó kọ́kọ́ jáde yìí kò dùn rárá. Ó ń kùn bí oyin inú agolo. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbé e gba inú asẹ́ kọjá. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ̀ pé èèrí ni asẹ́ ń dá dúró, tí ògì sì ń kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni asẹ́ inú ẹ̀rọ yìí ṣe ń dá àwọn ìró tó le, tó ń gún etí, dúró, tí ohùn tó kù sì ń rọ̀. Ẹ̀ka mìíràn ni ó ń pinnu bí ohùn yóò ṣe wọlé àti bí yóò ṣe jáde. Agogo ìjọ a máa dún lójijì, a sì máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Fèrè a máa wọlé pẹ̀lẹ́, a sì máa dúró níwọ̀n ìgbà tí èémí bá wà. Ẹni tó bá mọ àwọn bọ́tìnì rẹ̀ yí lè fi iná kan náà ṣe agogo, kí ó sì fi ṣe fèrè.

Ọ̀rọ̀ náà analog, tí àwọn olùfẹ́ ẹ̀rọ yìí kì í yéé pè, túmọ̀ sí pé iná tó ń gbọ̀n nínú wáyà jẹ́ àwòrán ohùn tí a ń gbọ́, kò sí ìṣirò nọ́ńbà láàárín. Dùùrù digital ní tirẹ̀ ń ka nọ́ńbà, bí kọ̀ǹpútà. (Juno-106 tí mo ń sọ yìí fi díẹ̀ yà: aago digital ni ó ń tọ́ ìró rẹ̀ sọ́nà, ṣùgbọ́n ohùn àti asẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti analog.)

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa ọmọ Yorùbá gan-an nìyí. Nínú ẹ̀rọ tí Robert Moog bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní ìpínlẹ̀ New York ní 1964, volt kan péré ni ó ń gbé ohùn láti dò ìsàlẹ̀ dé dò òkè. Bí volt bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ohùn ń gòkè, bó bá ṣe ń dín ni ó ń sọ̀ kalẹ̀, kò sì sí ògiri láàárín. Ta ni kò rí i pé iṣẹ́ onígángan nìyẹn? Bó bá fún ọsán ìlù mọ́ abẹ́ apá rẹ̀, ohùn á gòkè. Bó bá tú u sílẹ̀, á rọlẹ̀. Láàárín dò àti mí, onígángan lè dúró níbikíbi tó bá wù ú, ó sì lè fà á láti ibì kan dé ibòmíràn, gẹ́gẹ́ bí ẹnu wa ti ń ṣe nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀.

Kọ́kọ́rọ́ dùùrù kò lè ṣe èyí. Láàárín funfun àti dúdú, kò sí ọ̀nà. Ìpọ́njú àtijọ́ ni èyí jẹ́ nínú ìjọ wa, nítorí pé orin òyìnbó tí a fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí lè sọ ọkọ di ọkọ́, kí ó sì sọ ọkọ́ di ọkọ̀. T. K. E. Phillips, tí a mọ̀ sí Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó tẹ dùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Marina, Èkó, láti 1914 títí di 1962, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó jà fún orin ìsìn tó bá ohùn èdè wa mu. Ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde ní 1953. Ṣáájú rẹ̀ ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, ti kọ orin ìsìn Yorùbá sínú àwo Zonophone ní London ní 1922.

Ní 1970 ni Moog gbé Minimoog jáde, dùùrù kékeré tí kì í dún ju ìró kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Sí apá òsì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi kẹ̀kẹ́ kékeré kan sí. Bí a bá tì í síwájú, ìró á gòkè, bí a bá fà á sẹ́yìn, á rọlẹ̀. Kẹ̀kẹ́ yẹn náà ni ó wà lára kíbọ́ọ̀dù tí àwọn ọmọ wa ń fi ọwọ́ òsì yí lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà tí wọ́n bá ń mú kí kíbọ́ọ̀dù ki Olúwa bí gángan. Wọ́n ń lò ó láìmọ ibi tí ó ti wá.

Orílẹ̀-èdè wa kò ṣàjèjì sí irú iṣẹ́ yìí. Ìkẹjà níhìn-ín ni Ginger Baker, onílù ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣí ilé ìgbohùnsílẹ̀ ARC ní 1973, níbi tí Paul McCartney ti gba orin kan sílẹ̀ lọ́dún náà. (Agolo tí wọ́n kó òkúta wẹ́wẹ́ sí ni wọ́n mì bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú orin náà. Ẹ ò rí i pé olówó pàápàá ń lo agolo.) Nígbà tí King Sunny Adé fi máa gbé àwo Juju Music jáde ní 1982, dùùrù aṣẹ̀dá-ohùn ti wọ inú jùjú, ó sì bá gángan gbé pọ̀ láìjà.

Ṣùgbọ́n ẹni tí àwọn olùfẹ́ ẹ̀rọ yìí káàkiri ayé ń dárúkọ jù ni William Onyeabor, ará Enugu. Láàárín 1977 sí 1985, ó ṣe àwo orin mẹ́jọ, ẹ̀rọ aṣẹ̀dá-ohùn ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni ó gba Jésù, ó fi orin ayé sílẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi òun léèrè nípa rẹ̀ mọ́. Ní 2013, ilé iṣẹ́ Luaka Bop ti New York kó àwọn orin náà jọ, gbogbo ayé sì bẹ̀rẹ̀ sí wá a kiri. Ó di olóògbé ní oṣù kìíní 2017. Mo ti gbọ́ kí àwọn onígbàgbọ́ kan fi ìtàn rẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀rọ Èṣù ni. Èmi kò rí ìdí tí a ó fi gbé ìgbésí ayé olórin ru wáyà àti irin. Júbálì, tí Jẹ́nẹ́sísì orí 4 pè ní baba àwọn tó ń lo dùùrù, ìran Kéènì ni. Síbẹ̀ Dáfídì kò tìtorí ìyẹn sọ dùùrù nù.

Ohun tó lé ẹ̀rọ analog jáde ni Yamaha DX7, tí ó dé ní 1983. Ó jẹ́ digital, ó lè dún ní ohùn 16 lẹ́ẹ̀kan, ooru kò sì lè ba ohùn rẹ̀ jẹ́. Minimoog ní tirẹ̀ a máa yẹ̀ kúrò lójú ìró bí ara rẹ̀ bá ń gbóná, a sì ní láti tún un ṣe. Àwọn olórin ta ti àtijọ́ ní ọ̀pọ̀, wọ́n sì sọ òmíràn nù. Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́wàá ni àwọn ọ̀dọ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí wá wọn, nítorí pé ohùn wọn ní ara, bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tí ọwọ́ lè fọwọ́ kàn. Nǹkan bí 12,000 Minimoog péré ni wọ́n ṣe títí di 1981, nítorí náà ni owó rẹ̀ ṣe ga. Àwọn ilé iṣẹ́ rí i, wọ́n padà sídìí rẹ̀: Korg tún MS-20 tó jáde ní 1978 ṣe ní 2013, Moog náà sì tún Minimoog ṣe ní 2016. Korg tún ṣe àwọn Volca kéékèèké ní 2013, tí ó lè fi bátìrì 6 ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ń gbé Agége kò nílò kí a ṣàlàyé ìwúlò ìyẹn fún un. Ní Kampala, ọ̀gbẹ́ni Brian Bamanya, tí a mọ̀ sí Afrorack, rí i pé owó ẹ̀rọ ilẹ̀ òkèèrè ju agbára òun lọ, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ tirẹ̀. Àwo orin tí ó fi ṣe jáde ní 2022.

Ohun tó ń pa àwọn ẹ̀rọ yìí ní agbègbè wa kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan. Èyí tí wọ́n rà ní Amẹ́ríkà ń lo nǹkan bí volt 120, iná tiwa sì jẹ́ 230 tàbí 240. Mo mọ ìjọ kan ní apá Ògbà tí ẹnìkan ti yọ tìráńsífọ́mà rẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè láti fi ṣe nǹkan mìíràn, tí ẹlòmíràn sì ki wáyà bọ ojú iná ní tààrà. Èéfín nìkan ni ó dáhùn. Ní àdúgbò ilé iṣẹ́ ńláńlá, iná a máa lọ sókè sódò, nítorí náà ẹ̀rọ tó ń mú iná dúró lójú kan pọn dandan. Eruku ọyẹ́ a máa wọ abẹ́ bọ́tìnì, ọmọńlé a máa yé ẹyin sínú rẹ̀, àwọn kàpásítọ̀ tó ti dàgbà a sì máa gbẹ. Kò sí èyí tí oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ kò lè tún ṣe, irú àwọn oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sì wọ́n ní Ìkẹjà. Ohun tó wọ́n ni ìjọ tó béèrè lọ́wọ́ wọn kí ó tó pe àwọn tó ń ra irin àlòkù.

Kí a padà sí ẹjọ́ Agége. Ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ yìí ni ó gba ọmọ náà sílẹ̀. Bí a bá tẹ bọ́tìnì Key Transpose mọ́lẹ̀ nígbà tí a ń tan Juno-106, nọ́ńbà ohùn tó ń ṣiṣẹ́ á máa hàn lójú rẹ̀. Ó tẹ kọ́kọ́rọ́ kan náà léraléra níwájú ìgbìmọ̀: èkíní dún, èkejì dún, ẹ̀kẹta dún, ẹ̀kẹrin dákẹ́ lọ gbári. Ó ṣàlàyé pé ohun dúdú tí wọ́n fi bo ẹ̀yà náà láti ilé iṣẹ́, bó bá dàgbà, a máa jẹ́ kí iná gba ibi tí kò yẹ. Ó yọ ọ́, ó rẹ ẹ́ sínú asítónì, irú èyí tí àwọn obìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, títí ohun dúdú náà fi ṣí kúrò, ó sì jó o padà sí àyè rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé dùùrù náà padà dé, ọ̀gá akọrin fa àga sún mọ́ ọn. Ó ní kí ọmọ náà tẹ álítò nìkan kí òun gbọ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní kí ó tẹ tẹ́nọ̀.