Awọ tẹ́ ẹ fi ń se pọ̀nmọ́ yìí, irú ẹ̀ ló ń ta ọfà n'Ílọrin nígbà kan!

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbọ́ ná. Ẹni tó bá rò pé igi nìkan ló ń jẹ́ ọrun, ó tan ara ẹ̀ jẹ. Ọsán já, ọrun dọ̀pá, làwọn àgbà wí. Ọsán ọ̀hún, awọ ẹran ni.

Wọ́n á há irun ara awọ kúrò, wọ́n á wá fọ̀bẹ gé e yípo yípo bí ẹni ń bó ọsàn, kó lè jáde ní okùn gígùn kan ṣoṣo. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á lọ́ ọ, wọ́n á nà án sáàárín òpó méjì títí tó fi máa gbẹ. Èyí tí wọn ò bá nà dáadáa, ara ọrun ló ti máa fà gùn, ọfà á kàn já sílẹ̀ níwájú ẹni tó ta á ni. Ẹ̀sín dé! Òjò lọ̀tá ẹ̀, torí awọ tó mumi á dẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń fi òrí pa á nìyẹn. Ibi tọ́wọ́ ń di ọrun mú náà, awọ ni wọ́n ń wé mọ́ ọn kí òógùn má baà mú un yọ̀.

Nǹkan kékeré kọ́ o. Ní nǹkan bí ọdún 1824, nígbà tí Àfọ̀njá ṣubú lójú ìjà n'Ílọrin, Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ tó jáde lọ́dún 1921 pé ọ̀kọ̀ àti ọfà tó wà lára ọkùnrin náà pọ̀ débi pé àwọn ló gbé òkú ẹ̀ dúró. Àmọ́ ní February 1897, tí Royal Niger Company gbé ìbọn Maxim wọ̀lú, ọfà ò rí nǹkan ṣe.

Ṣé ọsán wá parẹ́ ni? Rárá o! Ẹ wo gángan lábíyá onílù. Àwọn okùn tó ń fún mọ́ra yẹn, ọsán lorúkọ tiwọn náà, awọ sì ni wọ́n.

Ìkòkò ọbẹ̀ ló wá ń bá wọn du awọ báyìí. Lọ́dún 2022, ọ̀gá iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí awọ ní Zaria ní àwọn fẹ́ kí òfin de jíjẹ pọ̀nmọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ò lè dùn létí ọlọ́pọ̀nmọ́, ta ló fẹ́ pa owó ẹ̀ tì? Ewúrẹ́ pàápàá, iná ni wọ́n ń fi wi í tawọ tawọ. Ẹni tó bá ń wá awọ fún ọsán, kó yáa tètè dé ọ̀dọ̀ alápatà kí wọ́n tó dáná.