Ìtúpalẹ̀ Gbólóhùn Ìṣirò Nínú Kọ̀ǹpútà

Bí a bá kọ 2 + 3 × 4 sínú kọ̀ǹpútà, àmì lásán ni ó kọ́kọ́ jẹ́ lójú rẹ̀. Kí ó tó lè ṣírò rẹ̀, ó ní láti mọ nọ́ńbà tí àmì kọ̀ọ̀kan so pọ̀. Iṣẹ́ yìí ni a ń wá ọ̀rọ̀ fún.

Bí a bá pè é ní 'kíkà', a ó ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Ẹni tí ó kàn ń kà láti òsì lọ sí ọ̀tún yóò ro 2 pọ̀ mọ́ 3, yóò fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀, yóò sì rí 20. Bẹ́ẹ̀ ni 14 ni ìdáhùn, nítorí pé ìsọdipúpọ̀ ni ó ṣáájú àròpọ̀. 'Ìtúpalẹ̀', tí àwọn onímọ̀ gírámà ń lò fún gbólóhùn èdè, ni ó bá iṣẹ́ náà mu.

Ẹ jẹ́ kí a wo pyparsing, àkójọ ìlànà tí Paul McGuire gbé jáde ní 2003 fún àwọn tí ń lo èdè Python. Ohun mẹ́ta ni òǹlò ń ṣàlàyé fún un: bí nọ́ńbà ṣe rí, àwọn àmì ìṣe pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ṣáájú ara wọn, àti apá tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ bí àmì ìṣe tí ipò wọn dọ́gba bá tẹ̀lé ara wọn. Ẹ̀kẹta yìí ṣe pàtàkì: bí a bá ti òsì bẹ̀rẹ̀, 9 − 4 − 2 jẹ́ 3, bí a bá ti ọ̀tún bẹ̀rẹ̀, ó di 7. Bí a kò bá fi ìlànà mìíràn kún un, pyparsing kò ní ṣírò rárá. Yóò kàn kó 3 × 4 sójú kan nínú gbólóhùn àkọ́kọ́ ni. Nítorí náà, ìtúpalẹ̀ yàtọ̀ sí ìṣirò pẹ̀lú.

Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí wa. Nínú 'márùndínláàádọ́ta', márùn-ún ni etí kọ́kọ́ gbọ́, ṣùgbọ́n àádọ́ta ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀: ogún mẹ́ta tí a yọ ẹ̀wá kúrò nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a ó tó yọ márùn-ún: (20 × 3 − 10) − 5, èyí tí í ṣe 45.

Nítorí náà, a dábàá 'gbólóhùn ìṣirò', 'àmì ìṣe', 'ipò ìṣáájú' àti 'ìtúpalẹ̀' fún ìlò àwọn olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè. Orúkọ nọ́ńbà tiwa ni kí olùkọ́ fi ṣe àpẹẹrẹ àkọ́kọ́.